Sísin Èéfín: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Afẹ́fẹ́ Kábọ́ọ̀nù Tí Wọ́n Ń Fi Pamọ́ Sábẹ́ Ilẹ̀

Àwọn àgbà tí wọ́n ní èéfín nìwà, tí wọ́n ní bó ti wù kí ènìyàn fi nǹkan bò ó tó, rírú ni yóò rú, wọn kò rò ó rí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀ràn ayé yóò máa ti èéfín gan-an bọ inú páìpù, tí wọn yóò máa rọ ọ́ sábẹ́ ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń rọ àgbàdo sínú àká, tí wọn yóò sì fọwọ́ sọ̀yà pé títí ayé kò ní í rú mọ́. Ọjọ́ ọ̀hún ti dé. Láti ọdún 1996 ni wọ́n ti ń ṣe é lábẹ́ òkun tí ó wà láàárín ilẹ̀ Norway àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti ṣe é ní aginjù Algeria ní Áfíríkà tiwa níbí, wọ́n sì ti dáwọ́ rẹ̀ dúró níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ọdún 2025. Ìjọba ilẹ̀ wa pàápàá jẹ́jẹ̀ẹ́ ní Glasgow ní ìparí ọdún 2021 pé bí yóò bá fi di ọdún 2060, èéfín tí Nàìjíríà ń dà sójú ọ̀run kò ní í ju èyí tí yóò máa kó kúrò níbẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá jẹ́ irú ẹ̀jẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń ta epo rọ̀bì jẹun, kò lè ṣàì bojú wo abẹ́ ilẹ̀.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé Adégbayì ni ẹnì kan jókòó sí tí ó ń gbé irú ọ̀rọ̀ báyìí yẹ̀ wò. Ní ọwọ́ tiwa níhìn-ín, láti Alákìíà títí dé Ẹgbẹ́dá, èéfín tí a mọ̀ ni ti ìyá onígààrì tí ó ti jí dáná kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, ti alákàrà ojú títì, ti jẹnẹrétọ̀ aránṣọ tí ń kérora látàárọ̀ dalẹ́, àti ti tírélà tí ń gbé sìmẹ́ǹtì gba ọ̀nà Ifẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó bá ti kan ilẹ̀, ó ti kan àgbẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀gẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, tí ó gba òkú wa, tí ó gba irúgbìn wa, tí ó gba omi òjò tí kò sì wí pé ó tó, bí ẹnì kan bá dé tí ó ní òun tún fẹ́ kó ẹrù mìíràn sí i nínú, ó yẹ kí a bi í léèrè irú ẹrù tí ó jẹ́, ibi tí yóò gbé e sí, ìgbà tí yóò gbé e kúrò, àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Èyí tí ó kẹ́yìn yẹn ni ó ń jẹ mí lọ́kàn jù, òun ni n óò sì máa padà sí.

Afẹ́fẹ́ tí à ń wí yìí, tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè ní kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì, yàtọ̀ sí èéfín dúdú tí ń ta ni lójú. A kò lè fojú rí i, bẹ́ẹ̀ ni kò ní òórùn; òun ni à ń mí síta, òun ni ń hó yaya nínú mínírà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, òun sì ni ìwúkàrà fi ń mú kí búrẹ́dì wú. Mo ń pè é ní èéfín nítorí pé ọmọ ìyá kan náà ni òun àti èéfín, inú iná kan náà ni wọ́n ti jáde. Nígbà tí àwọn òyìnbó kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú ilẹ̀ yí ẹ̀rọ, bí a bá pín afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 280 ni ó jẹ́ tirẹ̀. Lónìí ó ti lé ní 420. Bí aṣọ òtútù ni ó ṣe bo ayé: ó ń jẹ́ kí ooru oòrùn wọlé, kì í jẹ́ kí ó jáde tán, aṣọ náà sì ń nípọn sí i lọ́dọọdún. Bí àgbẹ̀ Lágelú bá ń ráhùn pé òun kò mọ ìgbà tí àkọ́rọ̀ òjò ń dé mọ́ kí òun tó gbin àgbàdo, a kò lè di gbogbo ẹ̀bi náà ru èéfín, ṣùgbọ́n èéfín kò ṣàìlọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Mímú un ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, kò sì rọrùn. Ẹnu ihò èéfín àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá nìkan ni ó ti ṣeé mú dáadáa, níbi tí ó ti ń jáde ní ọ̀pọ̀ yanturu lójú kan ṣoṣo. Wọn a darí èéfín gba inú omi oògùn kan tí a ń pè ní amíìnì. Omi náà a gbá afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù mú, a sì jẹ́ kí ìyókù kọjá lọ. Lẹ́yìn náà wọn a gbé omi náà kaná kí ó lè pọ ohun tí ó gbé mì, wọn a wá fún afẹ́fẹ́ ọ̀hún pọ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ki bí omi, kí wọ́n tó tì í wọ páìpù. Gbogbo èyí, iná ni wọ́n ń jẹ. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2005 pé ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná tí ó bá gbé irú ẹ̀rọ yìí sẹ́nu yóò máa lo agbára tí ó fi ìdá 10 sí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí ó tó lè mú ìwọ̀n iná kan náà jáde. Ní ìlú tí iná mọ̀nàmọ́ná ti ń lọ tí ó ń bọ̀ bí àbíkú, ta ni yóò gbà pé kí a mú nínú ìwọ̀nba tí ń dé ọwọ́ wa kí a fi fọ èéfín? Jẹnẹrétọ̀ aránṣọ àti ààrò onígààrì ńkọ́? A kò lè so amíìnì mọ́ wọn nídìí. Èéfín tí ó fọ́n káàkiri ti fọ́n káàkiri náà nìyẹn.

Ibi tí wọ́n ń sin ín sí ni ó wù mí láti dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé ojú mi ni ó ṣe nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ bóhòlù ní agboolé wa, ọjọ́ náà ni mo sì kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, erùpẹ̀ pupa ni ó ń hú jáde. Lẹ́yìn náà ó di amọ̀ tí ó funfun díẹ̀. Kò sì tíì jìn púpọ̀ tí ohùn ẹ̀rọ fi yí padà, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni pé irin ń jẹ irin, tí ìyẹ̀fun tí ó jọ eérú sì ń tú bo gbogbo wa lórí. Ọ̀gá àwọn agbẹ́kànga yíjú sí mi, ó ní, “Bàbá, a ti kan àpáta o.” Mo bi í pé ibo ni àpáta náà parí sí. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí kò lópin. Kí ẹ ṣáà máa gbàdúrà pé ká rí ibi tó ti sán.”

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni ọmọ náà sọ, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ kò sì lè sọ ọ́ kí ó yéni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, orí àpáta ògbólógbòó ni ó jókòó lé, àpáta tí iná inú ilẹ̀ ti sè tí ó sì ti lọ́ mọ́ra, tí ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 500 ọdún; òkè Mápó àti òkè Àrẹ̀mọ jẹ́ eegun rẹ̀ tí ó yọ síta. Kò ní ihò nínú. Omi tí à ń fà jáde nínú rẹ̀, inú ibi tí ó ti sán ni ó wà, tàbí nínú erùpẹ̀ tí ó ti jẹrà lé e lórí. Nítorí náà, láti Akínyẹlé dé Lágelú, láti Ẹgbẹ́dá dé Ọ̀nà-Àrà, bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé òun fẹ́ ra ilẹ̀ láti sin èéfín sí, ẹ yáa mú igbe bọnu, nítorí pé gbájúẹ̀ ni.

Òkúta tí ó yẹ fún iṣẹ́ náà ni òkúta oníyanrìn, èyí tí iyanrìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra tí àyè kéékèèké sì wà láàárín hóró kan àti èkejì, tí omi iyọ̀ kún inú àwọn àyè náà láti ayébáyé. Ó gbọ́dọ̀ jìn tó nǹkan bí mítà 800 ó kéré tán, nítorí pé ní irú ibẹ̀ ni ìwúwo ilẹ̀ ti ń tẹ afẹ́fẹ́ náà títí tí àyè tí yóò gbà kò fi ní í ju nǹkan bí ẹyọ kan nínú 300 àyè tí ó ń gbà lókè. Lórí òkúta oníyanrìn náà, amọ̀ líle tí ó nípọn gbọ́dọ̀ bò ó gẹ́gẹ́ bí ìdérí ti ń bo ìkòkò. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dé ibẹ̀, yóò gbìyànjú láti gòkè nítorí pé ó fúyẹ́ ju omi iyọ̀ lọ, ìdérí yóò sì dá a padà. Díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò há sáàárín hóró iyanrìn. Díẹ̀ yóò yọ́ mọ́ omi iyọ̀, omi náà yóò sì wúwo sí i, yóò rì sísàlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, díẹ̀ yóò di òkúta. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣe iyèméjì pé ilẹ̀ lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí ó rántí pé abẹ́ irú ìdérí amọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni epo rọ̀bì àti gáàsì sùn sí fún àìmọye mílíọ̀nù ọdún kí a tó lọ jí wọn. Ọ̀pọ̀ òjò ló ti rọ̀ tí ilẹ̀ ti fi mu.

Àwọn ará Norway ni wọ́n kọ́kọ́ fi ojú iṣẹ́ hàn wá. Gáàsì tí wọ́n rí ní Sleipner, lábẹ́ òkun tí mo kọ́kọ́ mẹ́nu bà, ní nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù nínú, àwọn oníbàárà wọn kò sì fẹ́ ju ìdá 2 ààbọ̀ lọ, nítorí náà wọ́n ní láti yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìjọba wọn ti gbé owó orí lé dídà á sójú ọ̀run láti ọdún 1991, nígbà tí wọ́n sì ṣírò owó orí náà, wọ́n rí i pé ó sàn kí àwọn dá a padà sínú ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í da nǹkan bí mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ́dún sínú òkúta oníyanrìn tí wọ́n ń pè ní Utsira, wọ́n sì ń fi ìró yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè bí dókítà ti ń yẹ aboyún wò, wọn kò sì tíì rí i kí ó jò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú fo ibi tí ọgbọ́n náà wà: ìfẹ́ ayé nìkan kọ́ ni ó mú wọn ṣe é. Owó orí ni.

Ti Algeria ni ó yẹ kí ó kàn wá jù, nítorí pé Áfíríkà ni. Ní In Salah, ní àárín aginjù, ilé-iṣẹ́ epo ìjọba wọn, Sonatrach, pẹ̀lú BP àti ilé-iṣẹ́ Norway tí ń ṣe ti Sleipner, bẹ̀rẹ̀ sí í dá afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù padà sí ilẹ̀ ní ọdún 2004, ní ìjìnlẹ̀ tí ó tó kìlómítà méjì díń díẹ̀. Wọ́n ti sin tó mílíọ̀nù 3.8 tọ́ọ̀nù kí wọ́n tó dúró ní ọdún 2011. Kí ni ó dá wọn dúró? Àwọn sátẹ́láìtì tí ń yípo ojú ọ̀run rí i pé ilẹ̀ aginjù náà ń wú, mìlímítà bíi márùn-ún lọ́dún, bí ikùn ẹni tí ó jẹun kọjá àyè. Òkúta ibẹ̀ kò ní àyè tó bí ti Norway, agbára tí wọ́n fi ń tì í sì ti fẹ́ máa sán an dé ìtòsí ìdérí. Kò sí ẹni tí ó kú, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìwọ̀n ara wọn, wọ́n sì dáwọ́ dúró. Mo yìn wọ́n fún un. Ohun tí ń bà mí lẹ́rù ni pé sátẹ́láìtì ni ó kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Tí a bá wá fún àwọn tí kò ní ojú lójú ọ̀run ní irú iṣẹ́ yìí ńkọ́?

Ní Iceland, wọ́n rí ọ̀nà mìíràn. Wọ́n po afẹ́fẹ́ náà mọ́ omi, wọ́n sì dà á sínú òkúta dúdú tí ó ti inú òkè oníná jáde. Kò pé ọdún méjì tí ó lé ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n dà síbẹ̀ ní 2012 fi di òkúta funfun. Ohun tí ó ti di òkúta kò nílò ọlọ́dẹ. Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀nù kan afẹ́fẹ́ ń gba nǹkan bí tọ́ọ̀nù 25 omi, ní ilẹ̀ tiwa, orí òkè Biu àti àyíká Jos ni irú òkúta bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí, àwọn ará Biu kò sì ní omi tí wọn yóò fi ṣòfò.

Níbo wá ni ó wà fún wa? Bí ènìyàn bá kúrò ní Ìbàdàn tí ó kọrí sí Abẹ́òkúta, àpáta wa yìí ni yóò máa bá a lọ títí dé abẹ́ Olúmọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ré Abẹ́òkúta kọjá tí ó doríkọ ọ̀nà Èkó, àpáta a bẹ̀rẹ̀ sí í rì, iyanrìn àti òkúta ẹfun àti amọ̀ a sì máa gùn ún lórí ní ìpele-ìpele, wọn a sì máa nípọn sí i títí wọ inú òkun. Agbada ńlá kan ni ilẹ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà-oòrùn Ghana, ó la Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá, títí dé agbègbè Òkìtìpupa. Inú rẹ̀ ni ọ̀dà ilẹ̀ Agbábù wà, inú rẹ̀ náà ni kànga epo Ajé wà, nínú òkun Èkó, níbi tí epo ti kọ́kọ́ ṣàn ní ọdún 2016. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Niger Delta, tí ìpele iyanrìn àti amọ̀ rẹ̀ nípọn ju kìlómítà 10 lọ ní ibi tí ó ti nípọn jù, tí àwọn ihò epo tí a ti fà gbẹ sì wà káàkiri. Bí a bá fi ti ilẹ̀ nìkan wò ó, kò sí àká tí ó dára tó yìí ní gbogbo ẹkùn ilẹ̀ wa.

Etí agbada yìí gan-an ni Ewékorò wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti ọdún 1960, láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ibẹ̀ sì ni èrò mi ti yàtọ̀ sí ti àwọn tí wọ́n ka gbogbo ọ̀rọ̀ sísin èéfín sí ọgbọ́n àrékérekè àwọn elépo. Ẹni tí ń fi epo mú iná mọ̀nàmọ́ná wá lè fi oòrùn tàbí omi rọ́pò rẹ̀. Onísìmẹ́ǹtì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òkúta ẹfun tí ó ń sun, inú òkúta náà fúnra rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù wà: 100 kìlógíráàmù òkúta ẹfun tí ó bá mọ́ gaara, bí a bá sun ún jinná, 44 kìlógíráàmù nínú rẹ̀ ni yóò di afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí yóò fò lọ, ì báà jẹ́ igi, ì báà jẹ́ gáàsì, ì báà jẹ́ ìtànṣán oòrùn ni a fi sun ún. Kò sí bí a ti lè se ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Gbogbo wa ni a sì ń kọ́lé. Láti Adégbayì lọ sí Aṣèjirẹ lónìí, ibi tí kòkó wà nígbà èwe wa, búlọ́ọ̀kù ni ó kún ibẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ní àṣẹ láti yan ibi kan ṣoṣo tí a ó ti sin èéfín ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ni n óò yàn, Ewékorò tàbí Ṣàgámù, tí òkun kò jìnnà sí.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Brevik ní ilẹ̀ Norway nìyẹn. Láti 2025 ni ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ ti ní ẹ̀rọ tí ó lè mú 400,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún, ìyẹn nǹkan bí ìdajì èéfín rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi a gbé e lọ sí etíkun ìwọ̀-oòrùn, páìpù a sì gbé e lọ sínú òkun ní nǹkan bí 100 kìlómítà, kí wọ́n tó rọ ọ́ sí ìjìnlẹ̀ mítà 2,600 lábẹ́ ilẹ̀ òkun. Owó tí wọ́n ná sí i kì í ṣe kékeré, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ti inú àpò ìjọba wọn jáde. Mọlémọlé tiwa tí ń ṣírò iye tí àpò sìmẹ́ǹtì kan di láàárín ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ kò ní í fẹ́ gbọ́ pé ẹnikẹ́ni tún fẹ́ fi kún un, n kò sì lè bá a jà. Bí àwọn tí wọ́n ti da eérú tiwọn láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn bá fẹ́ kí a sin èéfín tiwa, kí wọ́n mú owó wá. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.

N óò yára kọjá lórí ọ̀rọ̀ àwọn elépo, nítorí pé kò gba ọ̀pọ̀ àlàyé. Láti ọdún 1972, ní Texas, ni wọ́n ti mọ̀ pé bí a bá ti afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù wọ kànga epo tí ó ti ń gbẹ, yóò ti epo tí ó kù síta. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mú káàkiri ayé, iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń fi ṣe. Àpapọ̀ ohun tí gbogbo ayé ń mú lọ́dún jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 50 tọ́ọ̀nù; èyí tí epo, gáàsì àti èédú ilẹ̀ ń dà sójú ọ̀run sì tó bílíọ̀nù 37. Ẹyọ kan kò tó nínú 700. Ẹni tí ó sin ẹyọ kan, tí ó fi í hú epo mìíràn jáde láti lọ sun, tí ó sì ní kí a máa ki òun ní olùgbàlà ayé, ẹ jẹ́ kí ó ki ara rẹ̀.

Ẹ̀rù wá ńkọ́? Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ nípa rẹ̀, kí a má sọ ọ́ jù. Ní alẹ́ 21 Oṣù Kẹjọ ọdún 1986, ní Cameroon, kò jìnnà sí ààlà ilẹ̀ wa, adágún omi Nyos tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ó ti kó jọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ síta lẹ́ẹ̀kan náà. Òkè oníná ni ó fún adágún náà ní afẹ́fẹ́ ọ̀hún, ọwọ́ ènìyàn kò sí nínú rẹ̀. Nítorí pé ó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, ó ṣàn gba àfonífojì lọ bí omi, ó bá àwọn ènìyàn lórí oorun, ó lé ní 1,700 ẹ̀mí tí ó lọ, àti màlúù àti ewúrẹ́. Láti 2001 ni wọ́n ti ki páìpù bọ adágún náà kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè máa jáde díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí ń sin èéfín a máa wí pé adágún omi yàtọ̀ sí òkúta tí ó jìn ní kìlómítà kan tí amọ̀ sì bò, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n páìpù tí ń gbé e lọ kò jìn. Ní Satartia, ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà, ní 22 Oṣù Kejì ọdún 2020, ilẹ̀ ya lẹ́yìn òjò ńlá, irú páìpù bẹ́ẹ̀ sì bẹ́. Nǹkan bí 200 ènìyàn ni wọ́n sá kúrò nílé, 45 dé ilé ìwòsàn, àwọn ọkọ̀ sì ń kú lójú ọ̀nà nítorí pé ẹ́ńjìnnì pàápàá kò rí afẹ́fẹ́ mí. Àwa ará Ìbàdàn kò nílò kí a lọ sí Amẹ́ríkà kí a tó mọ bí ó ti rí láti sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún ni pé ó wà níbẹ̀: àwọn tí ohun abúgbàù tí àwọn awakùsà kó pamọ́ sínú ilé bú mọ́ ní Bódìjà ní alẹ́ 16 Oṣù Kìíní ọdún 2024 mọ̀ ọ́n.

Ibi tí a ti padà sí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ṣíṣọ́ yìí sì mú mi rántí àwọn tí ń sun èédú. Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà oko Lágelú tàbí ti Òkè-Ògùn kọjá yóò ti rí wọn: wọn a to igi jọ, wọn a fi koríko tútù bò ó, wọn a fi erùpẹ̀ bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn a ti iná bọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́, wọn a sì dí ẹnu rẹ̀ kí igi náà lè máa jóná lábẹ́ ilẹ̀ láìgbiná. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé iṣẹ́ parí níbẹ̀. Ìgbà náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tọ̀sán-tòru ni asunèédú fi ń yí òkìtì náà po pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, nítorí pé bí igi inú rẹ̀ ti ń súnkì ni erùpẹ̀ ń sán, ibi tí ó bá sì sán ni èéfín ń gbà jáde tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Bí ó bá sùn lọ, ilẹ̀ á mọ́ bá a tí gbogbo igi rẹ̀ ti di eérú. Ọ̀kan nínú wọn wí fún mi pé òun kì í sanwó fún ẹni tí ó mọ igi í tò. Ẹni tí kì í sùn ni òun ń wá.

Àwọn ará Yúróòpù fi nǹkan tí ó jọ bẹ́ẹ̀ sínú òfin wọn ní ọdún 2009. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá sin èéfín, lẹ́yìn tí ó bá dí ẹnu kànga tán, yóò máa ṣọ́ ọ fún ogún ọdún ó kéré tán, àfi bí ìjọba bá tètè rí àrídájú pé kò séwu mọ́, kí ìjọba tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá sì jò láàárín ìgbà náà, owó rẹ̀ ni yóò fi tún un ṣe. Ogún ọdún kéré lójú mi fún ohun tí a ní títí ayé ni yóò fi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ju òdo lọ.

Ní tiwa, a ti ṣe òfin nípa dídá nǹkan padà sínú ilẹ̀ rí, orúkọ òfin náà gan-an sì sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1979 ni. Gáàsì tí ń bá epo rọ̀bì jáde, tí àwọn elépo ń sun dànù láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa epo ní Oloibiri, òfin ní kí wọ́n dá a padà sínú ilẹ̀ tàbí kí wọ́n wá ohun mìíràn fi í ṣe, àti pé láti ọjọ́ kìíní ọdún 1984, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sun ún mọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ìmọ̀ iṣẹ́ náà kò yàtọ̀ sí ti èyí tí à ń wí: kànga kan náà, páìpù kan náà, òkúta kan náà. Wọ́n gba ìwé àṣẹ. Nígbà tí ìwé àṣẹ kò sí, wọ́n san ìtanràn tí kò tó nǹkan, nítorí pé ó rọrùn ju iṣẹ́ lọ. Owó orí Norway wúwo, tiwa fúyẹ́, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín Sleipner àti Delta kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2005, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Benin City dá a fún àwọn ará Iwherekan pé iná náà tàbùkù sí ẹ̀tọ́ wọn láti wà láàyè. Àwọn tí ó yẹ kí ó jókòó ti ìdérí ìkòkò lọ́la, bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ sísin èéfín dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn náà nìyẹn: ilé-iṣẹ́ kan náà, ọ́fíìsì ìjọba kan náà. Ẹni tí ó bá gba odò kọjá lóru ní àyíká Warri tàbí Port Harcourt lónìí yóò ṣì rí iná náà tí ń jó ní góńgó òpó, tí ojú ọ̀run pọ́n bí ìgbà tí oòrùn ń wọ̀, tí àwọn obìnrin kan sì sá ẹ̀gẹ́ wọn sí abẹ́ rẹ̀ kí ó lè tètè gbẹ.